Gẹ̀ẹ́sì Tí Mò Ń Gbé Lọ sí Kétu

Bí ọmọ bá sọ nílé pé òun fẹ́ lọ máa kọ́ èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀ òkèèrè, ọ̀nà Éṣíà ni ọkàn ará ilé máa ń kọ́kọ́ gbà. Wọ́n á ní ṣé Ṣáínà ni àbí Thailand. Èyí tó bá ti ṣe ìwádìí nínú wọn á ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí Gúúsù Kòríà, torí físà tí wọ́n fi ń gba olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì síbẹ̀, ọmọ orílẹ̀-èdè bíi méje ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Nàìjíríà ò sí lára wọn, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ṣe ìjọba, òun náà la fi ń ṣe ìdánwò láti kékeré. Mo ka gbogbo ìyẹn, mo sì mú un kúrò lọ́kàn. Kétu ni mò ń lọ, ìlú Alákétu, ní orílẹ̀-èdè Benin tó bá wa pààlà. Ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan níbẹ̀ ló gbà mí, oṣù September la ó sì wọlé.

Ìyá mi ò bá mi jà. Ó kàn wò mí títí, ó ní, "Àjọkẹ́, ṣé Kútọnu náà ló wá di òkè òkun?" Lójú tirẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn, Kútọnu ni gbogbo ilẹ̀ yẹn láti etí òkun títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, ibi tí wọ́n ti ń kó ìrẹsì àti mọ́tò tokunbọ̀ wá. Mo mọ ohun tó ń dùn ún. Ọmọ aládùúgbò wa wà ní Kánádà, ọmọ àbúrò rẹ̀ ń tọ́jú arúgbó nílùú ọba. Bí àwọn ìyá bá ń dárúkọ ibi tí ọmọ wọn wà ní ìpàdé ẹgbẹ́, kí lòun fẹ́ sọ? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò tiẹ̀ fi tirẹ̀ bò rárá. Wọ́n ní bí mo bá fi lè dé Benin, àwọn èèyàn á rò pé ìwé ẹ̀rí ayédèrú ni mo lọ rà.

Ọ̀rọ̀ wọn nídìí. Ní ìparí 2023, akọ̀ròyìn kan láti ilẹ̀ wa fi hàn pé òun gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Benin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tó di January 2024, ìjọba àpapọ̀ ti dá ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí tó ń ti Benin àti Togo wá dúró. Láti ìgbà náà, orúkọ ilẹ̀ yẹn ò dùn létí àwọn agbanisíṣẹ́ wa mọ́. Ó dùn mí, torí àwọn ọmọ Kétu tí wọ́n ń jí ní kùtùkùtù lọ kàwé ní tòótọ́ ò sí nínú rìkíṣí ẹnikẹ́ni. Èmi ò lọ gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀. Ìwé tí mo ti kà ní Ìbàdàn ni mò ń gbé lọ fún wọn.

Ìmẹ̀kọ ni mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ JSS 2. Ọmọ ìyá ni Ìmẹ̀kọ àti Kétu. Abẹ́ Alákétu ni Ìmẹ̀kọ wà kí òyìnbó tó la ilẹ̀ náà sí méjì. Di òní, ẹni tó lọ sìnkú ní Kétu lọ́jọ́ Sátidé lè wà nídìí ọjà rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ lọ́jọ́ kejì, kò sì ní sẹ́ni tó máa kí i kú ìrìn àjò.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí wọ́n mú wá láti Kétu kó wá gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà. Faransé ló fi kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ẹnu rẹ̀ jinlẹ̀ débi pé bó bá ń sọ ọ́, èèyàn á fẹ́ jókòó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti dìde láti ka Gẹ̀ẹ́sì síta, ẹ̀rín ni kíláàsì máa ń bú sí. House kì í ní h lẹ́nu rẹ̀. J tó wà níwájú job a máa jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Lọ́jọ́ kan mo pè é wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, mo ní kó pe ihò. Ó pè é. Mo ní kó pe ahọ́n, kó pe ehoro. Ó pe gbogbo wọn ketekete. Mo wá ní, "Èémí tó o mí sínú ehoro yẹn, gbé e wá síbí," mo fi ìka lé house nínú ìwé. Ó wò mí, ó wo ìwé, ó pè é. H náà jáde gbangba. Kò dúró kí n ní kó tún un pè kó tó tún un pè, ó sì bojú wẹ̀yìn wò bóyá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́. Ọjà àti ìjà la fi ṣe ti j, ìyẹn ò sì pẹ́ rárá.

Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà ló ń gbé mi lọ sí Kétu. Faransé a máa kọ h sínú ìwé, àmọ́ wọn kì í pè é. Yorùbá ń pè é. Ahọ́n ọmọ yẹn ti mọ h kí ojú rẹ̀ tó mọ lẹ́tà kankan. Ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́ ọ pé bó bá ti rí i nínú ìwé òyìnbó, kó fò ó. Bí olùkọ́ tó wá láti London bá dúró síwájú rẹ̀, á kàn máa bá Faransé jà lẹ́nu rẹ̀ ni, torí kò mọ̀ pé ohun tí òun ń wá ti wà nílẹ̀ lábẹ́ Faransé náà. Èmi mọ̀ ọ́n, torí èdè kan náà ni wọ́n fi tọ́ àwa méjèèjì.

Kò mọ sórí h nìkan. Gẹ̀ẹ́sì a máa tẹ apá kan ọ̀rọ̀ ju apá yòókù lọ, ibi tó sì ń tẹ̀ kì í dúró sójú kan. Èyí a máa da ẹni tó ń ti inú Faransé bọ̀ láàmú, nítorí ìparí gbólóhùn ni Faransé máa ń fi agbára sí. Bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá wa tí kò rí ilé ẹ̀kọ́ rí ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Wọ́n fetí gbọ́ ibi tí òyìnbó ti tẹ ọ̀rọ̀, wọ́n sì gbé ohùn òkè síbẹ̀: tísà, fọ́tò. Nígbà tí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà kúrò níwájú, ohùn òkè bá a lọ: rìsíìtì. Bí mo bá kọ record sójú pátákó lẹ́ẹ̀mejì, tí mo gbé ohùn òkè síwájú ọ̀kan fún àkọsílẹ̀, tí mo gbé e sẹ́yìn èkejì fún kí a kọ nǹkan sílẹ̀, ọmọ Kétu á gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé ọkọ́ tí bàbá rẹ̀ gbé lọ sóko yàtọ̀ sí ọkọ̀ tó gbé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà.

Mo ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, TEFL, oníwákàtí 120 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì jàǹfààní rẹ̀, pàápàá lórí bí olùkọ́ ṣe lè dákẹ́ kí ọmọ lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò síbi tí wọ́n ti ní ká bi akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè tó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ wa bí ẹni pé òfìfo ni gbogbo ọmọ ń gbé wọ kíláàsì. Ibi tí mo ti bá wọn yapa nìyẹn.

Àwọn àgbà ti ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi. Ní January 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, Ford Foundation sì fowó ràn wọ́n lọ́wọ́. Odindi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Wọn ò pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Wọ́n ń kọ́ ọ lọ́tọ̀, wọ́n sì wá olùkọ́ tó gbọ́ ọ dáadáa sí i. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn èèyàn ni pé Gẹ̀ẹ́sì ọmọ wọn á bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò mọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin, àwọn ọmọ Yorùbá yìí ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yẹn yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Fafunwa di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni wà ní Ìbàdàn tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá lọ́gbà wọn. Inú máa ń bí mi bí mo bá rántí rẹ̀. Ní òdì kejì ààlà, láyé Faransé àti lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan ni wọ́n máa ń gbé kọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ lọ́rùn, á sì wà lọ́rùn rẹ̀ títí á fi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn tó máa gbé e kọ́.

Mo ti kà nípa Kétu débi pé mi ò lè máa pè é ní ìlú àjèjì. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ ọ, wọ́n sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ìlú náà ṣì wà ní ahoro nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ààlà ní August 1889, tí Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó nilẹ̀ wà nígbèkùn nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ wọn. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó kù padà wá tún ilé wọn kọ́. Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu odi ìlú látijọ́, ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ní Bahia ní Brazil, orúkọ Kétu ni àwọn ọmọ òrìṣà kan fi ń pe ìdílé ìsìn tiwọn títí di ìsinsìnyí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àṣà aráyé jẹ́ ti Benin, Nàìjíríà àti Togo lápapọ̀, ọ̀pọ̀ àgbà ló sì ń sọ pé Kétu ló ti ṣẹ̀.

Ìkọ̀wé wa náà ti pínyà. Níbi tí àwa ti ń fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ, ɛ àti ɔ ni wọ́n ń kọ ní Benin. Ṣ tiwa, sh ni lọ́dọ̀ wọn; p tiwa, kp ni. Ọmọ Kétu tó bá mú ìwé ìròyìn Aláròyé á kọ́kọ́ dúró díẹ̀ kó tó mọ̀ pé èdè ìyá òun lòun ń kà. Èmi náà ti ń kọ́ tiwọn, mò ń kọ ɔmɔ àti ilɛ̀ títí wọ́n á fi mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìbéèrè kan wà tí mi ò tíì rí ìdáhùn sí tán. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ti Yorùbá bọ́ sínú Faransé, ṣé ó tún yẹ kí n gbé èdè òyìnbó kejì lé e lórí? Àwọn kan ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì á jẹ́ kó lè ṣòwò ní Nàìjíríà. Ìyẹn ò wọ̀ mí létí, torí ìyá rẹ̀ ti ń fi Yorùbá ná ọjà Ìmẹ̀kọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ibi tí mo rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ti wúlò fún un ni pé ó wà nínú ètò ẹ̀kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ girama títí dé ìdánwò BAC. Ẹni tí kò bá kọ́ ọ dáadáa á kàn máa pàdánù máàkì lórí ohun tí kò sí ẹni tó là yé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé púpọ̀ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, ìṣègùn àti kọ̀ǹpútà ló jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi kọ wọ́n. Mo fẹ́ kó lè kà wọ́n. Mi ò fẹ́ kó máa rò, nítorí èyí, pé èdè ìyá rẹ̀ ló ń fa òun sẹ́yìn.

Bí mo bá ń rò ó, àwọn Sàró ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, àwọn ọmọ Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá láti Sierra Leone sí Badagry àti Abẹ́òkúta láti nǹkan bí 1839. Freetown ni wọ́n ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n délé, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ wọn fi mú àwọn ará wọn mọ ìwé. Ajayi Crowther ti ṣe olùkọ́ ní Sierra Leone kó tó joyè àlùfáà ní 1843. Ọdún yẹn náà ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Wọn ò rí ohun tó burú nínú kí ẹnì kan gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké kó sì fi Yorùbá kọ́ni.

Owó náà wà nínú rẹ̀, mi ò ní fi bò. Láti June 2023 tí ìjọba ti yọ ọwọ́ lórí iye tí wọ́n ń ta náírà, owó oṣù olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní Ìbàdàn kì í tó jẹun dé ìparí oṣù. Yúrò ni wọ́n so seefà, owó tí wọ́n ń ná ní Benin, mọ́, iye tó jẹ́ sí i ò sì tíì yí láti 1999. Wákàtí-wákàtí ni wọ́n máa sanwó fún mi, bí ọlidé gígùn bá sì dé, kò sí nǹkan kan. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n iye tí mo bá tọ́jú ní October ṣì máa ra nǹkan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní June.

Ìwé àṣẹ ò fi bẹ́ẹ̀ le. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti wọ Benin fún 90 ọjọ́ láìsí físà. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, màá gba káàdì olùgbé. Mo ti gba pásípọ́ọ̀tì, yẹ́lò káàdì sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti bá mi tú ìwé ẹ̀rí mi sí Faransé. Ọ̀nà Ìmẹ̀kọ ló yá jù, àmọ́ Ìdí-Ìrókò ni mo fẹ́ gbà, kí wọ́n lè lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tì mi bó ṣe yẹ, kí n já sí Ìgòlò, kí n gba Pọ̀bẹ̀ wọ Kétu. Àwọn tó mọ ọ̀nà yẹn ṣì ń rántí August 2019 tí ìjọba wa ti ààlà pa. Ìdí-Ìrókò ò ṣí padà títí di April 2022. Ní gbogbo àsìkò náà, àwọn olùkọ́ tó wà lódì kejì ń fọkàn sí ilé ni.

Faransé ló gba agbára mi jù. Ẹni tó ń kọ́ mi kàwé ní Abúlé Èdè Faransé ní Àjàrá, lẹ́bàá Badagry. Mo sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kì í ṣe torí kí n lè rajà nìkan ni mo ṣe ń kọ́ ọ. Mo fẹ́ mọ ohun tí Faransé ti kọ́ ahọ́n àwọn ọmọ náà láti máa ṣe, kí n lè mọ ibi tí Gẹ̀ẹ́sì á ti kọsẹ̀. Ó wá ń fi ọ̀rọ̀ tó jọra hàn mí nínú èdè méjèèjì, èyí tó máa ń tan ọmọ jẹ jù. Ìwé pélébé kan ti kún fún wọn.

Ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù mi. Ó ra èlùbọ́, ó ra ẹ̀wà gbẹ̀gìrì, ó ń bi mí bóyá iná mànàmáná ń dúró níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan lórí fóònù pé, "Àjọkẹ́ ń lọ ṣe olùkọ́ nílùú Alákétu." Kò pè é ní Kútọnu.

Ọ̀rọ̀ tó ṣì wà nílẹ̀ ni èyí tí èmi àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà ń bá ara wa sọ. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ máa fi Yorùbá ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, wọ́n ní, "Ọmọ mi, Gẹ̀ẹ́sì la gbà ọ́ fún o. Àwọn òbí á ní kí ló wá dé." Wọ́n sì bi mí ní ohun kan tó tọ́ kí wọ́n bi mí: àwọn ọmọ tó jẹ́ pé Fọ̀n ni wọ́n ń sọ nílé ńkọ́? Mo ní, "Ẹ ṣeun sà. Èdè olóhùn ni Fọ̀n náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn kọ́ mi ní tiwọn." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fún mi ní àwọn tó ń múra ìdánwò BEPC, kí wọ́n fún mi ní kíláàsì kẹfà, ìyẹn àwọn tó kéré jù, torí ṣe ni wọ́n máa ń ka kíláàsì girama wálẹ̀ láti ẹ̀kẹfà dé ẹ̀kẹta lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ yìí ni kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rí, kò sì tíì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí wọn lórí rẹ̀.

Wọ́n ti gbà fún sáà àkọ́kọ́. Àmọ́ wọ́n ní èmi fúnra mi ló máa bá àwọn òbí sọ ọ́ ní ìpàdé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, lédè tí gbogbo wọn gbọ́, kí n sì wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ará Fọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ níbẹ̀ ni mò ń kọ sílẹ̀ báyìí, lójú ìwé kan náà: p lókè fún mi, kp nísàlẹ̀ fún wọn.